Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Ìkànnì Rẹ: Ṣe àti Má Ṣe

Kò sí ìkànnì tó kéré jù fún àwọn ọlọ́ṣà orí ayélujára. Ìbáà jẹ́ ti ìyá tó ń ta aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, ti ilé ìwé aládàáni ní Abẹ́òkúta, tàbí ti ìjọ tó ń gba ìdá mẹ́wàá lórí fóònù, kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé ni bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí ayélujára, ti dé ibẹ̀, tó ń wá /wp-login.php àti /.env kiri. Kò sí ẹni tó lè jókòó ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ òfin sílẹ̀ fún ẹ̀rọ: bí o bá rí irú èyí, dá a dúró, bí o bá rí irú ọ̀hún, bi í léèrè ọ̀rọ̀, bí o bá rí irú ẹ̀kẹta, lé e síta.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ òfin wọ̀nyí ni a ń gbé wọlé bí a ṣe bá wọn. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe wọ́n, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti sábà máa ń ní àdírẹ́sì IP tirẹ̀. Bí a bá gbé wọn dé Ìbàdàn tàbí Èkó láìtún wọn tò, oníbàárà gidi ni wọ́n máa ń lé, ọlọ́ṣà á sì gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú ìkànnì ṣe, àti èyí tí kò yẹ kó ṣe, nìyí.

Ṣe: jẹ́ kí òfin tuntun kọ́kọ́ máa wòran

Má tíì fún un láṣẹ láti lé ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìkànnì, AWS WAF ń pe ipò yìí ní Count, ModSecurity ń pè é ní DetectionOnly: òfin á máa kọ àwọn tí ìbá lé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ọ̀sẹ̀ náà sì bọ́ sí ìparí oṣù, nígbà tí owó oṣù ń wọlé, torí pé èrò ọjọ́ yẹn kò jọ ti àárín oṣù. Lẹ́yìn náà, jókòó ka àkọsílẹ̀ náà ní ìlà dé ìlà. Bí o bá rí oníbàárà tó sanwó nínú àwọn tí òfin fẹ́ lé, òfin náà kò tíì gbó.

Má ṣe: fi àdírẹ́sì IP nìkan dájọ́ ẹnikẹ́ni

Bí o kò bá ní rántí ohun mìíràn nínú gbogbo èyí, rántí eléyìí. Àdírẹ́sì ti àtijọ́, IPv4, kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ fún gbogbo ayé. Oṣù Kejì ọdún 2011 ni èyí tó kù nínú àká àgbáyé tán. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù wá dá ọgbọ́n kan: wọ́n ń kó oníbàárà púpọ̀ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pè é, ọdún 2012 sì ni wọ́n ya àdírẹ́sì 100.64.0.0 títí dé 100.127.255.255 sọ́tọ̀ fún un. Wo ètò fóònù rẹ nígbà tí o bá ń lo dátà. Bí àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ bá bọ́ sí àárín ìwọ̀nyí, tàbí tó fi 10 bẹ̀rẹ̀, ìwọ náà wà nínú wọn.

Agboolé ńlá tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Bí ọmọ kan nínú agboolé bá jalè, tí o wá ní ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde kò gbọdọ̀ dé ọjà rẹ mọ́, bàbá, ìyá, ayálégbé àti àlejò ni o lé pọ̀ mọ́ olè. Olè gan-an kò sì ní jẹ nínú ìyà náà: á pa dátà, á tún un tàn, àdírẹ́sì mìíràn á bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nítorí náà, wo nǹkan mìíràn mọ́ àdírẹ́sì. Ṣé àkáǹtì yìí ti rajà rí? Ṣé kúkì tí a fún un lánàá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ó ń ka ojú ewé bí ènìyàn ṣe ń kàwé, tàbí ó ń béèrè 40 ojú ewé ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Àdírẹ́sì kan tó ń dán páàsìwọ́ọ̀dù wò lórí 200 àkáǹtì, tí kò rí ẹyọ kan ṣí, kì í ṣe ẹgbẹ́ àdírẹ́sì kan tí 200 ènìyàn gbà wọ àkáǹtì tiwọn láìṣìnà. Iye ìbéèrè méjèèjì lè dọ́gba. Ìwà wọn kò dọ́gba, ìwà sì ni kí òfin rẹ máa wò.

Lórí IPv6 ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Níbẹ̀, ilé kan ṣoṣo lè ní àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán, tí ọlọ́ṣà á sì máa lò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdì /64 ni kí o máa kà níbẹ̀, kì í ṣe àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan.

Ṣe: fi òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Àwòrán àti ojú ewé ìkéde kò nílò kí a máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Ibi ìwọlé, ibi ìforúkọsílẹ̀, ibi tí a ti ń wá ọjà, àti ibi tí ìkànnì ti ń fi OTP, nọ́ńbà ìwọlé tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ránṣẹ́ ni ọlọ́ṣà ń fojú sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí burú, torí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá jáde, ìwọ lo ń san owó rẹ̀. Ka OTP mọ́ nọ́ńbà fóònù, má kà á mọ́ àdírẹ́sì nìkan. Bí nọ́ńbà kan bá ti gba mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú 10, kó ní sùúrù díẹ̀. Kí gbogbo ìkànnì lápapọ̀ sì ní iye tí OTP kò gbọdọ̀ kọjá ní wákàtí kan, kí fóònù rẹ dún bó bá ti ń sún mọ́ ọn.

Má ṣe: ti àkáǹtì pa nítorí àṣìṣe mẹ́ta

Òfin yìí wọ́pọ̀, ó sì ń pa àwọn aláìṣẹ̀ lára. Ẹni tó bá mọ ímeèlì mi lè mọ̀ọ́mọ̀ tẹ páàsìwọ́ọ̀dù tí kò tọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n má lè wọ àkáǹtì mi ní ọjọ́ gan-an tí mo fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ̀rọ rẹ ló bá a ṣe iṣẹ́ ibi náà parí. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, kọ ọ́ sínú ìlànà SP 800-63B pé kí àṣìṣe tó tẹ̀ léra wọn lórí àkáǹtì kan má ju 100 lọ. Mo tún un sọ: 100, kì í ṣe 3.

Ìdádúró tó ń gùn sí i ló dára: ìṣẹ́jú àáyá 1, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 8. Ènìyàn tó gbàgbé páàsìwọ́ọ̀dù kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Bọ́ọ̀tì tó ní mílíọ̀nù páàsìwọ́ọ̀dù láti dán wò ni yóò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń wọlé láti orí ẹ̀rọ tí o kò rí rí, fi OTP bi í. Bó bá jẹ́ orí fóònù tó ti ń lò láti ọdún tó kọjá ni, jẹ́ kó kọjá.

Ṣe: lọ ní ìpele ìpele

Lílé síta ló yẹ kó kẹ́yìn. Kọ́kọ́ máa dá afurasí lóhùn lọ́ra. Bí kò bá dẹwọ́, fi kóòdù 429 ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú Retry-After, kí ẹ̀rọ tó bá jẹ́ olóòótọ́ lè mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kó fi sinmi. Bí kò bá gbọ́ ìyẹn, bi í ní ohun tí bọ́ọ̀tì kò lè tètè dáhùn. Lẹ́yìn èyí lo tó máa tìlẹ̀kùn, fún ìgbà díẹ̀.

Fail2ban, tó wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà Linux, máa ń lé ẹni tó bá ṣe àṣìṣe 5 láàárín ìṣẹ́jú 10, á sì lé e fún ìṣẹ́jú 10, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Fún SSH tí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ nìkan ń lò, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Fún ojú ewé tí aráàlú ń gbà wọlé láti orí dátà, gbé 5 yẹn sókè dáadáa. Tan bantime.increment pẹ̀lú, kí ẹni tó padà wá dá ẹ̀ṣẹ̀ kan náà pẹ́ níta ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Má ṣe: lé ẹnikẹ́ni títí ayé

Àdírẹ́sì máa ń yí ọwọ́ padà. Èyí tí ọlọ́ṣà lò lánàá lè bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí. Wákàtí 1, wákàtí 24, ọjọ́ 7: kí ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí yóò parí.

Má ṣe: gba ohun tí àlejò sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́

Ọ̀nà méjì ni èyí máa ń gbà ba ìkànnì jẹ́. Èkíní, bí ìkànnì rẹ bá wà lẹ́yìn Cloudflare tàbí alárinà mìíràn, àdírẹ́sì alárinà ni sáfà rẹ ń rí, kì í ṣe ti oníbàárà. Ẹni tí kò mọ èyí á tan Fail2ban, ẹ̀rọ á rí i pé àdírẹ́sì kan ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ láìsinmi, á lé e, ìkànnì á sì dákú mọ́ gbogbo àwọn tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Alárinà a máa kọ àdírẹ́sì oníbàárà gidi sínú X-Forwarded-For, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Bí o bá gbà á láìwádìí, ọlọ́ṣà lè kọ àdírẹ́sì ilé ìfowópamọ́ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ rẹ fúnra rẹ̀ sì lé wọn fún un. Ìgbà tó bá ti ọ̀dọ̀ alárinà tí o mọ àdírẹ́sì rẹ̀ wá nìkan ni kí o gbà á. Nginx ń lo set_real_ip_from fún èyí. Kí firewall sáfà rẹ sì kọ ẹnikẹ́ni tí kò bá gba ọ̀dọ̀ alárinà náà wá.

Èkejì ni orúkọ. Bọ́ọ̀tì èyíkéyìí lè pe ara rẹ̀ ní Googlebot, bọ́ọ̀tì tí Google fi ń ka ìkànnì. Àwọn kan á jẹ́ kó kọjá nítorí orúkọ yẹn. Àwọn mìíràn, nítorí ìbẹ̀rù, á lé gbogbo ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkànnì wọn á sì pòórá lórí Google. Ọ̀nà àtimọ òótọ́ wà, Google fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ síta: mú àdírẹ́sì náà, béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ DNS. Bí orúkọ náà bá parí sí googlebot.com tàbí google.com, tún mú orúkọ yẹn padà lọ béèrè àdírẹ́sì rẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, òun gan-an ni. Bí ó bá ń bọ̀ ju agbára sáfà rẹ lọ, 429 tàbí 503 fún ìgbà díẹ̀ ni kí o fi fà á sẹ́yìn, má fi 403 tàbí 404 ṣe é.

Ṣe: la ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń bá ọ ṣòwò

Kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀tì ni olè. Nígbà tí oníbàárà bá sanwó nípasẹ̀ Paystack, ẹ̀rọ Paystack ló máa wá sọ fún ìkànnì rẹ pé owó ti wọlé. Bí o bá fi ìdánwò "ṣé ènìyàn ni ọ́" sí ẹnu ọ̀nà yẹn, kò lè dáhùn. Owó á kúrò ní báńkì oníbàárà, ọjà kò ní jáde, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp. Yọ ẹnu ọ̀nà náà kúrò lábẹ́ òfin bọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n má fi í sílẹ̀ láìṣọ́: Paystack ń fi ìbuwọ́lùwé HMAC SHA512 sí gbogbo ìfiránṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti kéde àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n ń ti wá. Yẹ ìbuwọ́lùwé náà wò nígbà gbogbo. Èyí tí kò bá ní in, kọ̀ ọ́.

Má ṣe: ti odindi orílẹ̀-èdè síta

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ bó ṣe ń dun ni kí ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè kọ̀ wá nítorí pé Nàìjíríà ni a ti ń bọ̀. Kò yẹ kí a wá máa ṣe é fún ara wa. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí Houston lè fẹ́ san owó ilé ìwòsàn fún ìyá rẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní òru tiwa. "Nàìjíríà nìkan" lórí ìkànnì ilé ìwòsàn náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Kò tilẹ̀ dá ọlọ́ṣà dúró. Mirai, bọ́ọ̀tì tó da ayélujára rú lọ́dún 2016, inú kámẹ́rà àti ráútà ilé àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń fẹ́ àdírẹ́sì Nàìjíríà láti fi kọlù ọ́ á rí i.

Ibì kan wà tí mo gbà pé kí o ti ṣe é: ojú ewé alábòójútó, tí ìwọ àti òṣìṣẹ́ rẹ nìkan ń lò. Kódà níbẹ̀, VPN dára ju àwòrán ilẹ̀ lọ.

Ṣe: fi orúkọ Yorùbá dán òfin rẹ wò

Èyí ló ń dùn mí jù. OWASP Core Rule Set, tí ọ̀pọ̀ ń lò pẹ̀lú ModSecurity, ní ìpele ìfura láti 1 dé 4. Láti ìpele 3 lọ sókè, òfin kan wà nínú rẹ̀ tó ka gbogbo lẹ́tà tí kò sí nínú ASCII, àkójọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ǹpútà, sí ohun ìfura. Ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kò sí nínú ASCII. Òfin kan tó bá rí ẹ̀sùn ńlá máa ń fún ìbéèrè ní máàkì 5, máàkì 5 yìí náà sì ni ìkànnì fi ń lé ènìyàn bí o kò bá yí i padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá kọ "Ṣọlá" bí ó ṣe yẹ kí a kọ ọ́ lè di ọlọ́ṣà lójú ẹ̀rọ, nígbà tí ẹni tó kọ "Shola" á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

A kò lè máa rọ àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi àmì sórí orúkọ wọn ní kíláàsì, kí ìkànnì tiwa wá máa jẹ wọ́n níyà fún un. Kí o tó fún òfin láṣẹ, tẹ Ọ̀ṣúnwùmí, Ẹniọlá àti Gbọ́láhàn sínú gbogbo fọ́ọ̀mù rẹ. Bí a bá dá wọn dúró, yọ àwọn ojú ewé tí ènìyàn ti ń kọ orúkọ kúrò lábẹ́ òfin kan ṣoṣo yẹn, kí àwọn òfin yòókù máa ṣọ́ wọn lọ. Ìpele 1, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tó ọ̀pọ̀ ìkànnì. Ẹni tó bá ń gbé e sókè, kó mọ ohun tó ń rà.

Má ṣe: fi CAPTCHA sí gbogbo ojú ewé

Ìdánwò tó ní kí o mú gbogbo àwòrán tó ní páìpù omi panápaná jáde, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ojú pópó rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń ra oògùn lórí ìkànnì ní Ìlọrin kò ní ìdí láti mọ̀ ọ́n. Afọ́jú kò rí i rárá. Ó tún ń jẹ dátà, dátà sì wọ́n. Ibi ìforúkọsílẹ̀ àti ibi tí afurasí ti ń ṣàṣìṣe léraléra ni kí o fi í mọ sí. Irú Turnstile ti Cloudflare, tó ń yẹ aṣàwákiri wò lábẹ́lẹ̀, tí kì í sábà bi ènìyàn ní nǹkan kan, sàn fún aráàlú.

Ṣe: dẹ pàkúté

Òun ni ohun tó rọrùn jù nínú gbogbo èyí, kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀. Fi ààyè kan sínú fọ́ọ̀mù tí ojú ènìyàn kò ní rí. Bọ́ọ̀tì tó ń kọ nǹkan sí gbogbo ààyè tó bá rí á kọ nǹkan sí i. Fi aria-hidden sí i kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú má kà á, má sì jẹ́ kí aṣàwákiri máa kọ nǹkan síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aláìṣẹ̀ ni yóò kó sí i. Bí ìkànnì rẹ kò bá sì lo WordPress, kí ni ẹnìkan ń wá dé /xmlrpc.php? Lílé irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan kò ní pa oníbàárà lára.

Má ṣe: fi òfin tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo sáfà lẹ́ẹ̀kan náà

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2019, Cloudflare fi òfin kan ránṣẹ́ sí gbogbo sáfà rẹ̀ ní gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan. Ipò ìwòran ni wọ́n fi òfin náà sí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lókè pé kí o ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ regex inú rẹ̀, ìyẹn àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí òfin ń wá, mú kí sáfà máa ro ìbéèrè kan ṣoṣo títí tí agbára rẹ̀ fi tán. Fún ìṣẹ́jú 27, kóòdù 502 ni àwọn ènìyàn rí lórí àìlóǹkà ìkànnì. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn gan-an pẹ́ kí wọ́n tó wọlé tún un ṣe, torí pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan náà ni ilẹ̀kùn tiwọn wà.

Ipò ìwòran kò ní lé ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń lo agbára sáfà. Sáfà kan ni kí o kọ́kọ́ fi dán an wò, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́wàá, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀. Bí sáfà kan ṣoṣo lo ní, aago méjì òru ni kí o fi sí i, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọrẹ ń wọlé.

Ṣe: jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn tó bọ́tìnnì

Kí bọ́tìnnì kan wà tó ń pa gbogbo òfin aládàáṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ènìyàn méjì ó kéré tán mọ ibi tó wà, kí ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀ má sì gba abẹ́ òfin wọ̀nyẹn kọjá. Má gbẹ́kẹ̀ lé àdírẹ́sì ilé rẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àsálà: ti dátà máa ń yí padà. Mọ bí a ṣe ń gba kọ́ńsólù ilé iṣẹ́ tó ń gba sáfà rẹ sílé wọlé, kí o sì gbìyànjú rẹ̀ wò nígbà tí ara tù ọ́.

GitHub jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2018, ìkún omi ìsọfúnni tó tó terabit 1.35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ya lù wọ́n. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ rí i ní aago 17:21 UTC, ó sì pe ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 17:26, àṣẹ kan ṣoṣo tí wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀ yí gbogbo ọ̀nà náà gba ọ̀dọ̀ Akamai, ilé iṣẹ́ tó ń sẹ́ irú ìkún omi bẹ́ẹ̀. Ní 17:30 ọ̀rọ̀ ti ń rọlẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Wọ́n ti jókòó ṣe é kí ọjọ́ náà tó dé.

Má ṣe: jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ra sáfà kún sáfà láìní òpin

Àwọn kan ń pe èyí ní ààbò: bí èrò bá pọ̀, kí àwọsánmà fi sáfà kún un fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀tì ló ń wá, owó rẹ lò ń fi bọ́ wọn. Dọ́là ni ìwé owó yóò fi dé, náírà lò ń pa. Fi iye sáfà tí kò gbọdọ̀ kọjá síbẹ̀, fi ìkìlọ̀ owó sí i ní ìlàjì àti ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá owó tí o fẹ́ ná.

Ṣe: mọ ọjọ́ èrò

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni yóò máa tẹ bọ́tìnnì kan náà léraléra, tí àwọn kan nínú wọn á sì jókòó pọ̀ sí kàfé kan, lórí àdírẹ́sì kan. Lójú ẹ̀rọ, ìkọlù ni. Kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sórí kàlẹ́ńdà: èsì, ìforúkọsílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì eré, ìpolówó ọdún tuntun. Tú òṣùwọ̀n lójú ewé tí èrò ń lọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, dá a padà ní alẹ́. Bó bá ṣeé ṣe, sọ ojú ewé náà di èyí tí CDN, àwọn sáfà alárinà tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé, lè gbé fún wọn, kí sáfà rẹ má tilẹ̀ gbọ́ ariwo.

Má ṣe: gbẹ̀san

Má kọ òfin tó ń kọlu ẹni tó kọlù ọ́. Kámẹ́rà ilé aláìṣẹ̀ ni wàá dojú rẹ̀ kọ, Cybercrimes Act ti ọdún 2015 kò sì yọ ẹni tó ń gbẹ̀san sílẹ̀. Tọ́jú àkọsílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin yẹn ṣe ní 2024, wákàtí 72 ni wọ́n fún ẹni tí wọ́n kọlù láti fi tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ìkọlù orí ayélujára, létí. Bí ìsọfúnni oníbàárà bá sì jáde, Nigeria Data Protection Act ti 2023 ní wákàtí 72 tirẹ̀.

Ṣe: bá ẹni tí o dá dúró sọ̀rọ̀

"Access Denied" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ ra bàtà. Kọ ọ́ sí i ní èdè tó gbọ́: a dá ọ dúró torí pé ìbéèrè láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ pọ̀ jù, gbìyànjú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, bí o bá nílò ìrànlọ́wọ́, pe nọ́ńbà yìí, kí o sì ka kóòdù yìí fún wọn. Kí kóòdù náà jẹ́ èyí tí o lè fi wá ìdájọ́ náà nínú àkọsílẹ̀. Kí ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ má sì jẹ́ fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà tí o tì mọ́ ọn.

Ṣe: ka àwọn tí ẹ̀rọ lé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Mú 20 láìṣẹ̀ṣà nínú wọn. Wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan béèrè, ibi tó ti wá, àti bóyá ó jọ ènìyàn. Fi orúkọ ẹni tó kọ òfin kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó kọ ọ́ àti ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òfin tí kò rí ẹnikẹ́ni mú láti oṣù mẹ́ta, pa á rẹ́. Èyí tó ń mú àwọn aláìṣẹ̀, dá a padà sí ipò ìwòran lọ́jọ́ náà gan-an, kí o pe àwọn tó ní àkáǹtì nínú wọn, kí o sì bẹ̀ wọ́n.